Ìtàn Páswọ́ọ̀dù: Olè Kì í Sábà Já Ilẹ̀kùn, Àwa La Máa Ń Ṣí I fún Un

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ "Àmín" sí i. Kì í ṣe ìwàásù, ìtàn ni, àmọ́ ó kan owó yín, orúkọ yín àti àwọn tó fẹ́ràn yín.

Ó ti wá di lemọ́lemọ́ báyìí láàárín àwọn ará. Ẹnì kan á pè wá, á ní, "Dádì, wọ́n ti gba WhatsApp mi o. Ẹ bá mi sọ fún ìjọ pé èmi kọ́ ni mò ń tọrọ owó." Kó tó pè, ẹni méjì mẹ́ta ti fi owó ránṣẹ́, torí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí ojú tì í. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé, "Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe wọlé?" Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn. Ẹ jẹ́ ká jọ tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

KÍ KỌ̀ǸPÚTÀ TÓ DÉ

Páswọ́ọ̀dù ti wà tipẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ẹ ṣí Ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 12. Àwọn ará Gílíádì ti gba ibi tí wọ́n ń gbà sọdá odò Jọ́dánì, àwọn ará Éfúráímù tí wọ́n ṣẹ́gun sì ń wá ọ̀nà àtisá lọ sílé. Ẹni tó bá fẹ́ sọdá, wọ́n á ní kó pe "Ṣíbólẹ́tì". Ahọ́n àwọn ará Éfúráímù kò gbé "ṣ" yẹn, "Síbólẹ́tì" ló ń jáde. Ó yẹ kó yé àwa Yorùbá dáadáa, àwa tí a ní ará Ìbàdàn tó ń pe iṣu ní "isu"! Àmọ́ ní Jọ́dánì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Bíbélì ní 42,000 èèyàn ló kú nígbà náà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àṣírí rárá. Gbogbo ẹni tó dé ibẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ohun tó mú kó ṣiṣẹ́ ni pé bí èèyàn ṣe ń pè é wà lára rẹ̀, kò ṣeé yá lò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Àwọn ọmọ ogun Róòmù ní tiwọn lo ọ̀rọ̀ àṣírí gidi. Polybius, òpìtàn ará Gíríìsì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Kristi, kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sílẹ̀. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ọmọ ogun kan á lọ gba pátákó kékeré lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa lò lálẹ́ ọjọ́ náà ló wà lórí rẹ̀. Pátákó náà á máa ti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan bọ́ sí òmíràn, títí á fi padà dé ọwọ́ ọ̀gá kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tí kò bá padà, wọ́n á wádìí ibi tó há sí, ẹni tó fà á á sì jìyà. Wọ́n mọ̀ pé àṣírí tó bá ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ó nílò ìṣọ́.

NÍGBÀ TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ DÉ

Ní ọdún 1961, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní CTSS. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn tóbi tó iyàrá, CTSS sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ lo ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Kí iṣẹ́ Lágbájá má baà bọ́ sọ́wọ́ Tàmẹ̀dò, wọ́n fún kálukú ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀.

Kò pẹ́ rárá. Ní 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, Allan Scherr, rí i pé wákàtí mẹ́rin tí wọ́n ń fún òun lọ́sẹ̀ kò tó fún iṣẹ́ òun. Ó ní kí ẹ̀rọ náà tẹ fáìlì tí wọ́n kó gbogbo páswọ́ọ̀dù sí jáde sórí ìwé. Ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́! Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó lọ mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ní 1966, níbẹ̀ kan náà, wọ́n ṣèèṣì fi fáìlì kan rọ́pò òmíràn, ni ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí fi páswọ́ọ̀dù gbogbo èèyàn han ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, dípò kó kí wọn káàbọ̀. Ìyẹn ò tiẹ̀ ní olè nínú o.

Ṣé ẹ rí i? Kò sẹ́ni tó já ilẹ̀kùn. Ibi tí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ sí ni wọn ò tì.

IṢU DI ÈLÙBỌ́

Ní 1979, Robert Morris àti Ken Thompson ní Bell Labs kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú páswọ́ọ̀dù sórí ètò Unix. Ẹ̀rọ kò ní tọ́jú páswọ́ọ̀dù yín bó ṣe wà. Á lọ̀ ọ́ kúnná, bí ẹni lọ iṣu gbígbẹ di èlùbọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ èlùbọ́ padà di iṣu. Tẹ́ ẹ bá tún dé, ẹ̀rọ á lọ ohun tẹ́ ẹ mú wá, á fi wé èlùbọ́ tó wà nílẹ̀. Wọ́n tún ń bu ohun kan tí wọ́n pè ní iyọ̀ sí i, tó yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn, kí èlùbọ́ ẹni méjì tó lo páswọ́ọ̀dù kan náà má baà jọra. Ilé iṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣe irú rẹ̀ títí dòní.

Àmọ́ nínú ìwé yẹn kan náà, wọ́n yẹ páswọ́ọ̀dù 3,289 tí àwọn èèyàn yàn fúnra wọn wò. Ìdá 86 nínú 100 ló kúrú jù, ló rọrùn jù, tàbí kó jẹ́ ọ̀rọ̀ àti orúkọ tó wà nínú ìwé. Ẹ̀rọ ti ṣe tiẹ̀, èèyàn ò ṣe tiwọn.

BÀBÁ ÀTI ỌMỌ

Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1988, ètò kan bẹ̀rẹ̀ sí rìn fúnra rẹ̀ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Wọ́n fojú bù ú pé ó wọ nǹkan bí 6,000 ẹ̀rọ. Lára ọgbọ́n tó fi ń wọlé ni pé ó kó ọ̀rọ̀ 432 dání, irú èyí tí àwọn èèyàn sábà máa ń fi ṣe páswọ́ọ̀dù, ó sì ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló kọ ọ́? Robert Tappan Morris, ọmọ bíbí Robert Morris tó kọ ìwé 1979 yẹn! Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi. Wọ́n fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n ní kó fi wákàtí 400 ṣiṣẹ́ ìlú, kó sì san 10,050 dọ́là. Ó gba ìyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló mọ kọ̀ǹpútà jù wá lọ. Ọmọ tó ń jókòó ti laptop lóru, tó wá ra mọ́tò láìní iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ má kàn sọ pé Ọlọ́run ló ṣe é. Ẹ bi í léèrè. Ìdámẹ́wàá owó yàhúù kì í ṣe ìdámẹ́wàá, omijé ìyá ẹlòmíràn ni, a ò sì fẹ́ ẹ níwájú pẹpẹ. Ọmọ tó ṣìnà lè padà o, àmọ́ kì í ṣe nípa ká máa bò ó mọ́lẹ̀.

KỌ́KỌ́RỌ́ KAN, ILẸ̀KÙN PÚPỌ̀

Ní 2009, àwọn olè wọ ilé iṣẹ́ RockYou ní Amẹ́ríkà. Páswọ́ọ̀dù bíi mílíọ̀nù 32 ló jáde, torí pé ilé iṣẹ́ náà ò lọ̀ ọ́, iṣu tútù ni wọ́n kó jọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni 123456. Tí irú ẹ̀ bá ti jáde, àwọn olè á máa gbé e kiri, wọ́n á máa dán an wò lórí email, Facebook àti báńkì.

Ní oṣù karùn-ún 2021, ilé iṣẹ́ Colonial Pipeline, tó ń fi páìpù gbé epo lọ sí ìhà ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, ti páìpù rẹ̀ pa fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn olè ti gba orí àkáǹtì kan tí wọn ò lò mọ́ wọlé. Páswọ́ọ̀dù nìkan ló wà lórí rẹ̀, kò sí ìdènà kejì. Àwọn tó wádìí bá páswọ́ọ̀dù náà láàárín àwọn tó ti jáde síta. Ilé iṣẹ́ náà san owó tó lé ní mílíọ̀nù 4 dọ́là fún àwọn olè, ìjọba sì rí apá kan gbà padà.

WỌ́N KÀN BÉÈRÈ NI

Ní oṣù keje 2020, àwọn ọ̀dọ́ kan pe àwọn òṣìṣẹ́ Twitter lórí fóònù, wọ́n ṣe bí ẹni pé ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n ti ń pè. Wọ́n gbà wọ́n gbọ́. Bí wọ́n ṣe fi orúkọ Barack Obama, Joe Biden àti Bill Gates tọrọ Bitcoin nìyẹn. Ẹni tí ìjọba pè ní olórí wọn, ọmọ ọdún 17 ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti WhatsApp. Olè á tẹ nọ́ńbà yín sórí fóònù tirẹ̀. WhatsApp á fi kóòdù ránṣẹ́ sí yín, torí pé ẹ̀yin ló mọ̀. Olè á wá pè yín: "Ẹ kú iṣẹ́ ìjọ, mà. Ẹ bá wa ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yẹn, ti ìpàdé àdúrà ni." Ní ilẹ̀ wa, wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í kọ̀ fún àgbà, a kì í kọ̀ fún ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Olè mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀kọ́ ilé wa mú wa.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wa lónìí: bí ohùn àwa gan-an bá pè yín tó béèrè kóòdù, ẹ gé fóònù náà. Kò sí ìwà àfojúdi níbẹ̀. A ò nílò kóòdù yín ká tó gbàdúrà fún yín.

OHUN TÍ KÁLUKÚ MÁA ṢE

1. Ẹ jẹ́ kí páswọ́ọ̀dù yín gùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bára tan dára ju orúkọ ọmọ yín lọ, ó dára ju "Jesus123" lọ. Ní 2003, Bill Burr kọ ìmọ̀ràn fún NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, pé ká máa pa àmì pọ̀ mọ́ lẹ́tà, ká sì máa yí páswọ́ọ̀dù padà lóòrèkóòrè. Ní 2017, ó ní òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀, NIST náà sì yí ìmọ̀ràn padà: gígùn ló ṣe pàtàkì jù, ẹ yí i padà tẹ́ ẹ bá ti fura pé ó ti jáde.

2. Ẹ má ṣe lo ẹyọ kan fún gbogbo nǹkan. Ti email yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà yí ti ìyókù padà. Tẹ́ ẹ bá ń gbàgbé, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé kan, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé. Ìyẹn sàn ju kọ́kọ́rọ́ kan fún ilẹ̀kùn ogún lọ.

3. Ẹ fi ìdènà kejì sí i. Lórí WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, Account, ibi tí wọ́n kọ "Two-step verification" sí, kẹ́ ẹ yan PIN.

4. Tẹ́nì kan bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ tọrọ owó, ẹ pè é lórí fóònù, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

Ní 2022, Apple, Google àti Microsoft jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọ́n ń pè ní passkey. Fóònù yín, pẹ̀lú ìka tàbí ojú yín, ló máa ṣí ilẹ̀kùn, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tẹ́ ẹ lè kà fún olè. Ẹ ò rí i pé ó ti fẹ́ jọ ti odò Jọ́dánì, ohun tó wà lára èèyàn, tí kò ṣeé yá lò? Kó tó kárí gbogbo wa, ẹnu yín ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́.

Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ ṣe ti email àti ti WhatsApp lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ sì jókòó ti àwọn ìyá àti bàbá wa àgbàlagbà, kẹ́ ẹ bá wọn ṣe tiwọn. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí wọn. Kí Olúwa bá wa ṣọ́ ilé, káwa náà sì ti ilẹ̀kùn wa.