Ẹyẹ Cahow àti Májèlé Inú Oúnjẹ

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ẹni tí ó bá jìnnà sí ìlú ti bọ́ lọ́wọ́ ègbin ìlú. Ìtàn ẹyẹ cahow kò jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́.

Ẹyẹ òkun ni cahow. Kò sí ibòmíràn láyé tí ó ń yé sí ju Bermuda lọ, erékùṣù kan nínú òkun Àtìláńtíìkì tí ó fi bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà jìnnà sí etíkun Amẹ́ríkà. Òru ni ó máa ń wá sórí ilẹ̀, igbe rẹ̀ sì ń dẹ́rù bani tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn atukọ̀ Sípéènì fi ń pe ibẹ̀ ní erékùṣù àwọn ẹ̀mí burúkú. (Èṣù ni atúmọ̀ mìíràn ìbá pè wọ́n, èmi kò ní bá wọn ba Èṣù lórúkọ jẹ́.)

Ní ọdún 1609, ọkọ̀ Sea Venture tí ó ń kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Virginia fọ́ sí ibẹ̀. Ní 1612, àwọn mìíràn wá tẹ̀dó. Ẹyẹ náà kò mọ ènìyàn lọ́tàá, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń mú un. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n jẹ ẹyin rẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ àti eku tí ọkọ̀ gbé wá sì ba èyí tí ó kù jẹ́. Nígbà tí gómìnà yóò fi ṣòfin pé kí wọ́n dáwọ́ ìpakúpa náà dúró, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé ni a fi gbà pé cahow ti run.

Àfi ní 1951 tí Robert Cushman Murphy àti Louis Mowbray bá a nínú ihò lórí àwọn erékùṣù kéékèèké olókùúta. Ọmọ ọdún 15 kan, David Wingate, wà pẹ̀lú wọn; òun ni ó wá fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ tọ́jú ẹyẹ náà.

Ẹyin kan ṣoṣo ni cahow ń yé lọ́dún. Láti 1958, bí a tilẹ̀ ń ṣọ́ ìtẹ́ wọn, ọmọ tí wọ́n ń pa bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ní 1968, Wingate àti Charles Wurster tẹ àyẹ̀wò wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science: nínú ẹyin àti ọmọ ẹyẹ náà, DDT àti àwọn ohun tí DDT ń dà jẹ́ ìdá 6.44 nínú mílíọ̀nù kan. Ta ni ó wọ́n ọn sí i lára? Kò sí. Ẹyẹ yìí kì í dé oko ẹnikẹ́ni. Ojú agbami ni ó ti ń wá oúnjẹ.

Oúnjẹ náà ni ó gbé e wá. DDT kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yòrò nínú omi. Ọ̀rá ni ó ń lẹ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ àti odò gbé e láti oko dé òkun, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí gbà á sára, edé àti ẹja wẹ́wẹ́ jẹ àìmọye wọn, ẹja ńlá jẹ ẹja wẹ́wẹ́, ẹyẹ sì jẹ ẹja. Olúkúlùkù ń jogún májèlé gbogbo ohun tí ó jẹ, títí ó fi kan ẹyẹ tí ó wà lókè téńté. Nínú ọ̀pọ̀ ẹyẹ tí ń jẹ ẹran, èèpo ẹyin á fẹ́lẹ́, á sì fọ́ mọ́ ìyá tí ó sàba lé e nídìí.

N kò sí lára àwọn tí ń bú DDT bí ohun tí kò ṣe rere rí. Ó pa ẹ̀fọn, ó sì dín ikú ibà kù. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi ọkọ̀ òfurufú fọ́n ọn sí oko òwú kò bi òkun léèrè. Ní 1972 ni Amẹ́ríkà fòfin de lílò rẹ̀ lóko. Tọkọtaya cahow 18 péré ni a kà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Lónìí wọ́n ti ju 100 lọ, púpọ̀ nínú wọn sì ń gbé inú ihò tí a fi ọwọ́ ṣe fún wọn.