Ìgbín, Ilé Ẹ̀yìn Rẹ̀ àti Òkè Àdó-Àwáyè

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi. Bí àgbà bá pa òwe yìí fún ọmọ tó ń kánjú owó, sùúrù ni gbogbo wa máa ń gbọ́ nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Ìgbín kì í dá gun igi: tilé-tilé ló ń lọ. Ẹni tó dá rìn lè sáré bó ṣe wù ú. Ẹni tó ru ilé ni ẹ̀sọ̀ di dandan fún. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń pa òwe yìí fún bàbá tó bá ní òun fẹ́ kó ìyàwó àtọmọ lọ gun òkè. Ọmọ tó kéré jù ló ni ìrìn ọjọ́ náà.

Bí ará Ìkòyí-Ilé bá bi mí pé òkè wo, Àdó-Àwáyè ni màá ní kó lọ. Kó gba Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, kó yà sí ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Kò jìnnà síbẹ̀ mọ́. Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n ń kà níbẹ̀, àwọn ọmọ á sì fẹ́ kà á fúnra wọn. Lókè ni adágún Ìyàkẹ́ wà, omi tó jókòó sórí àpáta. Ẹ di ọmọ lọ́wọ́ mú níbẹ̀. Àtẹ̀gùn Ìdànrè ju 600 lọ, ó pọ̀ jù fún ọmọ kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí òkè náà ni àwọn ará ìlú ń gbé títí di 1923. Olúmọ ní tirẹ̀ ti ní ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gòkè, èyí tí n kò kà sí ìrìn.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń yan òkè kékeré fún ọmọ. Àwọn ará Skọ́tlándì fẹ́ràn òkè débi pé Hugh Munro kọ orúkọ àwọn tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 3,000 sílẹ̀ ní 1891. Wọ́n jẹ́ 282 lónìí. Síbẹ̀, Arthur's Seat ní Edinburgh, tí gíga rẹ̀ kò ju mítà 251 lọ, ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń kó ọmọ lọ.

Ibi tí òwe wa ti já ni òjò. Òjò ni ìgbín ń fẹ́ kó tó gbéra. Àpáta tútù sì máa ń yọ àwa lẹ́sẹ̀, ìbáà ṣe ní Àdó-Àwáyè tàbí ní Edinburgh. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ padà. Ọmọ Ìkòyí, ọmọ jagunjagun, lè ní Ẹ̀ṣọ́ kì í kẹ́yìn sógun. Ogun nìyẹn, òkè kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bó bá rẹ ọmọ lágbedeméjì, ẹ jókòó, ẹ mu omi, kẹ́ ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ bí kò bá fẹ́ lọ mọ́.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn ọ̀sán má bá yín lórí àpáta.