Ọkọ̀ tí wọ́n dán wò títí: ẹ̀kọ́ fún àwa tí a ń ta súpéà

Ṣebí ìtàn rélùwéè la sábà máa ń sọ ní Minna níbí: bí ojú irin tó ti Èkó wá ṣe pàdé èyí tó ti Báró lọ Kánò nílùú yìí, tí àwọn bàbá wa fi tẹ̀lé e wá ṣòwò. Lónìí, ọmọṣẹ́ rélùwéè kan la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló fi lórúkọ.

Henry Royce ni. Wọ́n bí i ní 1863 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sówó nílé wọn, ó ta ìwé ìròyìn kiri kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rélùwéè ní Peterborough. Owó tán, kò parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, ó ra ọkọ̀ Decauville, tòkunbọ̀ ilẹ̀ Faransé. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Dípò kó máa ṣépè, ó wo ibi tí àléébù wà, ó sì ṣe tirẹ̀ ní Manchester ní 1904. Ọdún yẹn ló pàdé Charles Rolls, tó ń ta ọkọ̀.

Ní 1907, wọ́n ní kí Royal Automobile Club wá máa ṣọ́ Silver Ghost wọn bó ṣe ń sáré. London sí Glasgow, àlọ àtàbọ̀. Ní máìlì 629, gbígbọ̀n ọ̀nà ti ibi tí epo ń gbà kọjá pa, ọkọ̀ dúró. Wọ́n ṣí i, ó sì sá máìlì 14,371 láìbàjẹ́. Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n wọn irin inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ohun tó jẹ kò tó pọ́n-ùn 3!

Àmọ́ 1912 ló dùn mọ́ wa jù. James Radley gbé ọ̀kan lọ sí ìdíje orí òkè ní Austria. Gíà rẹ̀ mẹ́ta péré, òkè Katschberg sì dá a dúró. Ìtìjú ńlá ni. Wọn ò bá oníbàárà jà o; wọ́n lọ ṣe gíà mẹ́rin. Ní 1913 wọ́n padà síbẹ̀, òkè náà kò sì dá wọn dúró mọ́.

Kí ló kàn wá? Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, a ta bẹ́ríǹ fún awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Bídà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó fọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé èrò kankan kò ṣèṣe. Nígbà tó gbé e padà, a nawọ́ sí àkọlé ara ògiri: ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà. Ọkùnrin náà kò fèsì, kò sì yà sọ́dọ̀ wa mọ́.

A ti pa àkọlé yẹn rẹ́. A máa ń yí bẹ́ríǹ létí wò kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó bá padà, a ń kọ ọ́ sílẹ̀, ká lè mọ ibi tí a ò ní rajà mọ́. Ẹ̀yin mẹkáníìkì àti awakọ̀ wa, tọ́jà wa bá kùnà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá. Àléébù tí a ò bá rí, a ò lè tún un ṣe.