Thermocouple nínú gáàsì gbígbóná

Thermocouple jẹ́ ohun èlò ìwọn-ooru tí a fi wáyà oríṣi irin méjì tí a so lórí pọ̀ ṣe. Bí ojú ìsopọ̀ náà bá gbóná ju ìdí wáyà lọ, agbára iná mànàmáná díẹ̀ á jẹyọ. Ìwádìí Thomas Seebeck, ará Jámánì, ní 1821 ló sọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí di mímọ̀. Nínú ìléru, bí ògiri bá gbóná ju gáàsì lọ, ìtànṣán rẹ̀ á mú kí iye tí a kà ga jù; bí ó bá tutù jù ú, iye náà á rẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ìbòjú bo thermocouple, tí a sì ń fa gáàsì kọjá lára rẹ̀ pẹ̀lú eré. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà máa ń dín àṣìṣe kù. Thermocouple tí a fi platinum àti rhodium ṣe lè ṣiṣẹ́ kọjá 1,500°C.