Ìtàn Àmì QR: Ohun tí Ìkọ̀wé Ilẹ̀ Jàpáànù Fi Kún Un

Kì í ṣe inú ọjà ni a ti bí àmì QR, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọjà ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ rí i. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ilẹ̀ Jàpáànù ni ó ti jáde ní ọdún 1994. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni ipa tí ìkọ̀wé ilẹ̀ náà kó nínú rẹ̀, àti ohun tí ó bá ẹni tí ń kọ èdè mìíràn.

Báàkóòdù ni ó ṣáájú rẹ̀, èyí tí Norman Joseph Woodland àti Bernard Silver gba ìwé-àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1952. Nǹkan bí 20 lẹ́tà àti nọ́ńbà ni ó lè gbà. Èyí tó fún ṣingọ́ọ̀mù. Kò tó fún Nippondenso, tí orúkọ rẹ̀ di Denso ní ọdún 1996, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń fi ẹ̀rọ ka báàkóòdù púpọ̀ lára àpótí kan ṣoṣo. Kànjí, ìkọ̀wé tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì, kò tilẹ̀ rí àyè nínú rẹ̀.

Masahiro Hara ni a gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ó ti sọ pé ayò Go, tí òun máa ń ta ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, wà lára ohun tí ó la òun lójú: kí a tò dúdú àti funfun lóròó àti níbùú. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ̀rọ yóò ṣe tètè mọ ibi tí àmì wà láàárín ìwé títẹ̀ mìíràn? Wọ́n kó ìwé ìròyìn, ìwé ìpolówó àti páálí jọ, wọ́n wọn dúdú àti funfun inú wọn, wọ́n sì rí i pé ìwọ̀n 1:1:3:1:1 ni ó ṣọ̀wọ́n jù lọ. Òun ni wọ́n fi ṣe ojú mẹ́ta tí ó wà ní igun àmì náà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ sí jù.

Nítorí pé inú ilé-iṣẹ́ kò ṣe aláìní òróró àti ìdọ̀tí, wọ́n fi ìṣirò tí Irving Reed àti Gustave Solomon gbé jáde ní ọdún 1960 kún un, tí ó fi jẹ́ pé ó lè bàjẹ́ tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 kí a sì tún kà á.

Òdo àti ookan ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ ohun gbogbo. Mẹ́jọ nínú wọn ni báìtì kan. Ẹni tí ó bá ti rí ọ̀pẹ̀lẹ̀, tí ojú rẹ̀ mẹ́jọ lè dojú bolẹ̀ tàbí kí ó ṣí sókè, yóò mọ ìdí tí báìtì fi lè gba ìrísí 256, iye kan náà pẹ̀lú odù (n kò sọ pé babaláwo ni ó ṣe kọ̀ǹpútà o). Àmì QR tí ó tóbi jù gba 2,953 báìtì, ìbáà jẹ́ àwòrán tàbí ohùn. Denso kò fi ìwé-àṣẹ rẹ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń kọ irinṣẹ́ tiwọn fún un.

Ibi tí ìjà wà ni kíkà. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ ìkàwé ń sọ báìtì di ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fi lé ni lọ́wọ́, wọ́n sì ń ba ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ àdánù a kọ́kọ́ fi báìtì mẹ́ta ṣe lẹ́tà mẹ́rin. 2,953 a di 2,214.

Ìwé ìlànà àgbáyé ti ọdún 2000 gbà pé ìkọ̀wé Jàpáànù ni báìtì náà dúró fún bí a kò bá sọ ohun mìíràn. Ti ọdún 2006 yí i sí ìkọ̀wé ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú èyíkéyìí. UTF-8 ni a fi ń kọ wọ́n, kí ẹ̀rọ ìkàwé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kí ó méfò. Kànjí ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú àmì náà láti ìbẹ̀rẹ̀: òdo àti ookan 13 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Lẹ́tà wa kan ṣoṣo, ọ̀, pẹ̀lú àmì ohùn orí rẹ̀, ń gba 40.