Vaquejada

Vaquejada jẹ́ eré ìdíje orí ẹṣin tí ó gbajúmọ̀ ní ẹkùn Àríwá-Ìlàoòrùn orílẹ̀-èdè Brasil, tí ó sì jọ rodeo. Darandaran méjì, olúkúlùkù lórí ẹṣin tirẹ̀, ni wọ́n máa ń lé akọ màlúù kan lórí pápá oníyanrìn. Ọ̀kan kì í jẹ́ kí màlúù náà yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹnì kejì á di ìrù rẹ̀ mú, á sì fà á títí yóò fi ṣubú láàárín ìlà méjì tí a fi ẹfun fà sílẹ̀. Kí wọ́n tó gba máàkì, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin màlúù náà gbọ́dọ̀ kọjú sókè.

Iṣẹ́ ni èyí kí ó tó di eré. Láyé ìgbà tí kò sí ọgbà ní ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní sertão, màlúù olówó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa ń dàpọ̀, àwọn darandaran a sì wọ inú igbó lọ kó wọn wá láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìpalára fún ẹranko

Ìrù màlúù kì í ṣe okùn lásán. Eegun ẹ̀yìn ni ó nà dé ibẹ̀. Bí a bá fà á lójijì nígbà tí ẹranko ń sáré, ìrù lè já, awọ rẹ̀ lè bó, iṣan lè ya, ẹsẹ̀ sì lè kán bí ó ti ń ṣubú. Ẹṣin pàápàá máa ń fara pa ní iṣan àti oríkèé ẹsẹ̀.

Ẹjọ́ àti òfin

Ní ọdún 2013, Ìpínlẹ̀ Ceará ṣe òfin tí ó fọwọ́ sí vaquejada. Agbẹjọ́rò Àgbà orílẹ̀-èdè náà pe òfin yìí lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ náà le, nítorí òfin ìpìlẹ̀ Brasil kan náà ni ó dáàbò bo àṣà, tí ó sì ka ìwà ìkà sí ẹranko léèwọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2016, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé òfin Ceará pẹ̀lú ìbò 6 sí 5. Adájọ́ Marco Aurélio, tí ó darí ẹjọ́ náà, gbà pé ìwà ìkà kò ṣeé yọ kúrò nínú eré yìí.

Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí òfin tuntun fi sọ rodeo àti vaquejada di ogún àṣà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, àwọn aṣòfin tún òfin ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe. Kí a kíyè sí i pé àtúnṣe yìí kò sọ pé màlúù kì í fara pa. Ohun tí ó sọ ni pé eré tí a bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà kì í ṣe ìwà ìkà, níwọ̀n ìgbà tí òfin pàtàkì kan bá ń dáàbò bo àlàáfíà ẹranko. Òfin ọdún 2019 ló wá pàṣẹ omi, oúnjẹ àti ibi ìsinmi, ohun ìdáàbòbò fún ìrù gbogbo màlúù, àti yanrìn tí ó jìn tó 40 sẹ̀ǹtímítà níbi tí wọn yóò ṣubú sí.