Ìdọ̀tí inú epo àti ààbò kátálíìsì nínú háídrókírákíìnì

Háídrókírákíìnì ni ọ̀nà tí ilé ìfọpo ń gbà fi háídrójìn fọ́ epo wúwo sí wẹ́wẹ́ kó lè di dísẹ̀lì, epo ọkọ̀ òfurufú àti náfútà. Nínú àgbá irin ńlá ni wọ́n ti ń ṣe é, ní ooru 350 sí 430°C. Kátálíìsì, èròjà tí ń mú kí epo tètè yí padà láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ run, ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Ìdọ̀tí tó bá epo wọlé ló sì ń ba kátálíìsì náà jẹ́.

Àwọn ìdọ̀tí àti ààlà wọn

Náítrójìn tó so mọ́ epo ń bo ojú ásíìdì tí síólaìtì, èròjà inú kátálíìsì, fi ń fọ́ epo, iṣẹ́ á sì falẹ̀. Bí epo tó mọ́ bá tún dé, kátálíìsì á sọjí. Síbẹ̀, wọ́n ń kọ́kọ́ fi kátálíìsì níkẹ̀lì òun mọ́líbídẹ́nọ̀mù yọ ọ́, títí yóò fi kù sí bí ìdá 10 sí 50 nínú mílíọ̀nù.

Níkẹ̀lì àti fánádíọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ihò kátálíìsì ni wọ́n ń jókòó sí, kò sì sí iná tó lè jó wọn kúrò bí ó ṣe ń jó èédú tó bá dì mọ́ kátálíìsì. Fánádíọ̀mù inú epo Boscan ti Fẹnẹsúẹ́là lè ju ìdá 1,000 nínú mílíọ̀nù lọ. Ti Bonny Light kéré gan-an. Bí ẹ̀rọ kan bá ń gba tọ́ọ̀nù 6,000 epo lójúmọ́, ìdá 1 péré nínú mílíọ̀nù túmọ̀ sí kílò 6 irin lójoojúmọ́, ó sì ju tọ́ọ̀nù 2 lọ lọ́dún.

Ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò lórí ààlà irin méjèèjì yìí. Àwọn kan kì í gbà ju ìdá 1 lọ. Àwọn mìíràn ń gba 2, bí ẹ̀ṣọ́ tó wà níwájú kátálíìsì bá tó. Ó jọ pé àpapọ̀ irin tó ti kó jọ ṣe pàtàkì ju iye ọjọ́ kan lọ, àmọ́ bí ihò kátálíìsì ṣe fẹ̀ tó lè yí ìṣirò náà padà.

Ìdọ̀tí mìíràn ni sílíkọ́nì, tó máa ń wá láti inú oògùn tí wọ́n fi ń pa ìhó epo nínú kókà, ẹ̀rọ tí ń fi ooru fọ́ epo wúwo jù lọ.

Ààbò

Ẹ̀rọ tí ń fọ iyọ̀ kúrò nínú epo rọ̀bì ló ń kó sódíọ̀mù inú iyọ̀ náà, ìdọ̀tí mìíràn, lọ. Nínú táńkì, gáàsì náítrójìn ni wọ́n fi ń bo epo kí afẹ́fẹ́ má baà sọ ọ́ di oje. Gáàsì yìí yàtọ̀ sí náítrójìn tó so mọ́ epo, kì í sì í pa kátálíìsì lára. Lẹ́yìn èyí ni asẹ́ tí ń mú ohun tó bá ju máíkírọ́ọ̀nù 25 lọ.

Lókè àgbá ni ẹ̀ṣọ́ ìkẹyìn wà: òrùka oníhò ńlá lókè pátápátá, àwọn tó kéré sí i lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà kátálíìsì oníhò gbàgàdà tí ń gba irin. Bí wọ́n ṣe tò ó yìí ni ìpẹtà tó bá epo wá fi ń pín káàkiri ìsàlẹ̀, tí kì í fi í di èèpá kan lókè. Bí èèpá bá dì, epo kò ní rí ọ̀nà kọjá dáadáa, ó sì lè di dandan kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró nígbà tí kátálíìsì ìsàlẹ̀ ṣì lágbára.

Ìtàn

Friedrich Bergius ará Jámánì gba ẹ̀tọ́ ìdáṣe lórí fífi háídrójìn sọ èédú di epo ní 1913. Ilé iṣẹ́ Leuna bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1927, Bergius àti Carl Bosch sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1931. Nígbà tí síólaìtì wọ háídrókírákíìnì, tó jáde láti inú iṣẹ́ yìí, ní Amẹ́ríkà láàrin àwọn ọdún 1960, agbára ìfọ́po pọ̀ sí i, àmọ́ náítrójìn tètè ń mú un. Ìdí nìyẹn tí fífọ epo mọ́ fi ń ṣáájú fífọ́ ọ nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí títí dòní.